Ẹsẹ̀ Ló Purọ́, Wọ́n Ní Gééjì Ni

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé ìfura loògùn àgbà, ẹ fara balẹ̀ kí ẹ gbọ́ ti Bàbá Ìbejì. Oògùn yìí náà ló ń mu, tó ń mu, títí tó fi di àìsàn sí i lára. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n sọ ọ́ fún yín bó ṣe rí, kí ẹlòmíràn lè fi í kọ́gbọ́n.

Kò jalè. Kò na ìyàwó rẹ̀ rí. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ló kàn gbé kúrò níbi tó yẹ kó wà. Ohun tí ẹsẹ̀ yẹn sì bà jẹ́, ọwọ́ méjèèjì kò tíì rí i tún ṣe dòní.

Páàtì ọkọ̀ ni Bàbá Ìbejì ń tà: púlọ́ọ̀gì, bẹ́líìtì, fítà, bátìrì. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ọgbà mẹ́káníìkì kan tí wọ́n ń pè ní Elétí. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n láti kékeré. Wọ́n sọ ọ́ ní Elétí nítorí pé bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ àdúgbò, kó tó yọjú ni yóò ti sọ ohun tó ń ṣe é. Ìyá Ìbejì, ìyàwó Bàbá Ìbejì, tíṣà ni. Àwọn ìbejì ti lọ sí yunifásítì, ilé wá ku tọkọtaya, ó dákẹ́ rọ́rọ́.

Inú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni fóònù ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Wọ́n á máa jẹun lọ́wọ́, fóònù ìyàwó á dún, yóò wò ó, yóò dìde, ó di ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ọkọ á dín ohùn rédíò kù. Etí rẹ̀ á nà gbọọrọ.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, sà. Ẹ má ṣèyọnu, màá wá."

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín. Irú ẹ̀rín tó jẹ́ pé ó ti pẹ́ tí Bàbá Ìbejì ti gbọ́ ọ nínú ilé òun.

"Ta nìyẹn?"

"Ará ibi iṣẹ́ ni," ìyàwó á fèsì, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ abọ́ mọ́.

Ará ibi iṣẹ́ wo ló ń pani lẹ́rìn-ín lálẹ́? Bàbá Ìbejì kò bi í. Ó gbé ìbéèrè náà mì, ó sì há a lọ́fun.

Kò pẹ́ ni Ìyá Ìbejì ra bàtà tuntun. Kò pẹ́ sí i ni onígbàjámọ̀ tí ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kan ti Bàbá Ìbejì wọlé wá, tó fi ara ti ilẹ̀kùn bí ẹni tí kò ní ohun kan í sọ. Ẹni tó bá dúró báyẹn, ẹ sá fún un. Ọ̀rọ̀ ló gbé wá.

"Bàbá Ìbejì, mo rí ìyàwó yín lójú ọ̀nà òkè lánàá o."

"Ṣé ó kí ọ?"

"Kò rí mi. Ọkọ̀ ló ń wà. Ọkùnrin kan jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀."

"Ọkùnrin wo?"

"Èjìká nìkan ni mo rí. Bóyá kò tilẹ̀ sí ohun tó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ìfura loògùn àgbà."

Ó lọ. Ó fi èjìká náà sílẹ̀ fún Bàbá Ìbejì. Láti ọjọ́ yẹn, bó bá jókòó, èjìká. Bó bá dùbúlẹ̀, èjìká. Kò lójú, kò lẹ́nu, àmọ́ ó ń bá a jẹun.

Ìyá Ìbejì fúnra rẹ̀ ló wá tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ó wọlé, ó jókòó láì tíì bọ́ bàtà.

"Bàbá Ìbejì, wọ́n fẹ́ fi mí jẹ ọ̀gá ilé-ìwé."

"Níbo?"

"Ìlú tó wà lẹ́yìn òkè. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ kó tó dájú, torí àwọn mìíràn ń dù ú. Ọ̀nà jìn, kò sì sí ọkọ̀ èrò tó ń lọ síbẹ̀ láàárọ̀ kùtù. Wọ́n ní ilé wà fún ọ̀gá nínú ọgbà ilé-ìwé, ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ fi ilé tí kò sí yín níbẹ̀ ṣe? Màá máa lọ máa bọ̀ ni. Bí ọkọ̀ bàbá mi bá lè máa gun òkè yẹn lójoojúmọ́, màá gba iṣẹ́ náà. Bí kò bá lè ṣe é, màá ní kí wọ́n fún ẹlòmíràn."

Ẹ ò rí nǹkan. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ gígùn yìí, "ilé wà" nìkan ni etí Bàbá Ìbejì mú. Ìyókù kọjá lọ bí afẹ́fẹ́.

Ọkọ̀ tó ń wí yìí, bàbá rẹ̀ ló fi í sílẹ̀ fún un nígbà tó kú. Ọkọ̀ àtijọ́ ni, kékeré, tó mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n láti bí ọjọ́ mélòó kan, bó bá dé ibi gíga, á bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle, á fẹ́ kú.

"Ẹ jẹ́ ká gbé e fún Elétí," Ìyá Ìbejì wí. "Ohun tí ẹ́ńjìnnì bá sọ la ó ṣe."

"Ohun tí ẹ́ńjìnnì bá sọ la ó ṣe," ọkọ náà wí.

Ó sọ ọ́ tinútinú nígbà yẹn. Ó búra fún mi pé tinútinú ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, Elétí gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ náà sókè. Ó ní kí wọ́n sítáàtì rẹ̀, ó tẹ orí, ó gbọ́ ọ.

"Ohùn rẹ̀ dáa," ó wí. "Àmọ́ mi ò ní fi etí nìkan ṣe é, torí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni. Ẹ jẹ́ ká yẹ kọ̀mpírẹ́ṣọ̀n rẹ̀ wò."

"Kí nìyẹn?" Ìyá Ìbejì bi í. Tíṣà ṣáà ni, kò lè ṣe kó má bi.

"Ìyá Ìbejì, ẹ wo ẹni tó ń fi ẹnu fẹ́ iná. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá lu, ibi tó lu ni afẹ́fẹ́ á gbà jáde, iná ò ní ràn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mẹ́rin ni ọkọ̀ yìí ní. Màá yọ púlọ́ọ̀gì wọn, màá fi gééjì yìí dí ihò wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan á sì máa yí kọ́kọ́rọ́ nínú ọkọ̀. Bí abẹ́rẹ́ gééjì bá gùn dáadáa, ẹ̀rẹ̀kẹ́ le. Bí kò bá gùn, ó ń jò."

Bàbá Ìbejì ló wọlé jókòó. Òun ló máa ń bá Elétí ṣe é nígbà gbogbo. Bí kò bá sí oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù, Elétí á ké sí i láti òdìkejì títì, á sì sọdá wá. Ó mọ iṣẹ́ náà bí ẹni mọ ọ̀nà ilé.

"Tẹ tọ́tù dé ilẹ̀ o," Elétí wí, "má sì gbé e títí màá fi ní ó tó."

Tọ́tù ni ohun tí awakọ̀ ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré. Bí ẹ bá ń ṣe irú àyẹ̀wò yìí tí ẹ kò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ọ̀nà afẹ́fẹ́ ti pa dé nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì ò ní rí nǹkan fà símú, abẹ́rẹ́ gééjì ò sì ní gùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àná ni wọ́n ṣe ẹ́ńjìnnì ọ̀hún. Bàbá Ìbejì mọ èyí. Ẹ fi sọ́kàn pé ó mọ̀ ọ́n.

Bọ́nẹ́ẹ̀tì tó gbé sókè bo gbogbo gíláàsì iwájú. Kò rí Elétí, kò rí ìyàwó rẹ̀ tó dúró ti gééjì. Àwọn náà kò rí i. Ó fa àga sẹ́yìn kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè nà. Bó ṣe ki ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó kan nǹkan kan.

Àpò awò ojú ni.

Ó ṣí i. Awò ọkùnrin, tó tóbi, tó nípọn. Aṣọ ìnujú kan wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n ká a dáadáa, ó ń ta sánsán.

Èjìká ti ní ojú.

"Ṣé o ti wà ní sẹpẹ́?" ohùn Elétí dé láti ẹ̀yìn bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Mo ti wà ní sẹpẹ́."

"Tẹ̀ ẹ́!"

Ó tẹ̀ ẹ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fi ìyẹn dù ú, ó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n àpò awò wà lórí itan rẹ̀, ó ń wò ó. Ẹ̀rín ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Bàtà tuntun. Ilé wà. Ó rí ìyàwó rẹ̀ nínú ọkọ̀ yìí tó ń gun òkè lọ láràárọ̀, tí ẹnì kan ń retí rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ó rí ara rẹ̀ nídìí tábìlì, òun àti rédíò.

Ta ló máa mọ̀? Kò ní bá obìnrin jà. Kò ní sọ pé má lọ. Ẹ́ńjìnnì ni yóò bá a sọ ọ́.

Ó gbé ẹsẹ̀.

"Mo ti tẹ̀ ẹ́," ó wí, ó sì yí kọ́kọ́rọ́.

Ẹ́ńjìnnì ń dún kúkú, kúkú, kúkú.

"Hà," Elétí wí.

Ó yẹ ihò kejì wò. Ó yẹ ìkẹta wò. Ó yẹ ìkẹrin wò. Bákan náà ni gbogbo wọn rí: abẹ́rẹ́ á gùn díẹ̀, á dúró, bí ẹni tó rẹ̀.

"Bóyá bátìrì ló ti kú," Elétí wí.

Bàbá Ìbejì fúnra rẹ̀ sọdá lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó gbé bátìrì tuntun wá. Ẹ wo ojú àánú! Wọ́n so ó, wọ́n tún un ṣe. "Tẹ̀ ẹ́!" "Mo ti tẹ̀ ẹ́." Abẹ́rẹ́ kò kọjá ibi tó wà.

Elétí da ọ́ìlì díẹ̀ sínú àwọn ihò náà. Bó bá jẹ́ pé ríńgì tó ń dé afẹ́fẹ́ mọ́nú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ti jẹ, ó yẹ kí ọ́ìlì yẹn dí àlàfo, kí abẹ́rẹ́ gùn sí i. Kò gùn. Ó fura sí fáàfù, ìdérí tó ń ṣí tó ń dé fún afẹ́fẹ́. Ó fura sí bẹ́líìtì. Ó fura sí gééjì. Gbogbo nǹkan ló fura sí àfi ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Ohun tí etí mi ń gbọ́ kọ́ ni gééjì ń sọ," ó wí, ó ń nu ọwọ́. "Ṣùgbọ́n gééjì ni gééjì."

"Ṣé ó lè máa gun òkè lójoojúmọ́?" Ìyá Ìbejì bi í.

"Ká tẹ̀ lé ohun tí mo rí yìí, rárá. Ẹ́ńjìnnì ti rẹ̀. Mo fẹ́ tú u wò, kí n mọ ibi tó ti ń jò."

Ìyá Ìbejì gbé ọwọ́ lé orí ọkọ̀ bàbá rẹ̀. Kò sunkún. Ó kàn gbé ọwọ́ lé e, kò sì tètè gbé e kúrò.

"Pẹ̀lẹ́," ọkọ rẹ̀ wí. Àpò awò ti wà nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, obìnrin náà bi í bí ẹni tí nǹkan sọ nù lọ́wọ́ rẹ̀: "Ẹ ò rí àpò awò kan nínú ọkọ̀?"

"Awò ta ni?"

"Ti ọ̀gá kan tí mo gbé."

"Mi ò rí nǹkan kan."

Bàbá Ìbejì ń wo ojú ìyàwó rẹ̀ bó ṣe ń fèsì, ó ń wá ẹ̀bi níbẹ̀. Kò rí ẹ̀bi, ó sì sọ nínú ara rẹ̀ pé obìnrin yìí mà gbọ́n o. Ẹni tí ìfura ti wọ̀ lára kì í rí àìmọwọ́mẹsẹ̀. Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ló máa ń rí.

Ẹ bá mi gbọ́: ọkọ̀ kú, ìpè ò kú. Fóònù ṣì ń dún. "Ẹ ní sùúrù fún mi díẹ̀ sí i, sà," ni Ìyá Ìbejì ń wí báyìí, ẹ̀rín sì ti kúrò níbẹ̀. Ó yẹ kí ìyẹn ta ọkọ rẹ̀ lólobó. Kò ta á lólobó.

Elétí tú iwájú ẹ́ńjìnnì, ó wo bẹ́líìtì, àmì rẹ̀ bára mu, ó jókòó síbi tó yẹ. Ó wo fáàfù, kò rí ohun tó ṣe wọ́n. Ó dà á pọ̀, ó tún tú u. Ìyá Ìbejì bá a níbẹ̀ nígbà tó ń ti ilé-ìwé bọ̀, ó sì wá bá ọkọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.

"Bàbá Ìbejì, kò rí nǹkan kan nínú ẹ́ńjìnnì tó ní ó ti rẹ̀. Ṣebí òun náà ló kọ́kọ́ ní ohùn rẹ̀ dáa? Ṣé kì í ṣe pé ó fẹ́ ta ẹ́ńjìnnì mìíràn fún wa?"

Ibí yìí ni Bàbá Ìbejì ti lè gba ara rẹ̀ là. Gbólóhùn kan ló kù. Ó sì sọ gbólóhùn kan lóòótọ́.

"Mi ò lè sọ o. Ọ̀rẹ́ mi ni, àmọ́ mẹ́káníìkì náà ni."

Ẹyin lohùn. Bó bá ti bọ́, ó ti fọ́ nìyẹn. Onígbàjámọ̀ wà lẹ́yìn ògiri, etí rẹ̀ kò di. Ìyá Ìbejì náà sọ ọ́ fún tíṣà ẹgbẹ́ rẹ̀. Kó tó di pé ilẹ̀ mọ́ dáadáa, ọ̀rọ̀ ti kárí àdúgbò: Elétí ti ń pa ẹ́ńjìnnì oníbàárà kó lè ta òmíràn fún un.

Àwọn tíṣà wá kó ọkọ̀ wọn kúrò. Oníbàárà àtijọ́ ń gba iwájú ọgbà kọjá, wọn ò dúró. Ọkọ̀ bàbá Ìyá Ìbejì ló ku sáàárín ọgbà náà, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀.

Ọjọ́ kan ni Elétí sọdá wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó jókòó sórí àpótí bátìrì, ó ń wo ilẹ̀.

"Bóyá etí mi ló ti ń di," ó wí. "Tó bá jẹ́ pé mi ò gbọ́ràn mọ́, kí ni mo tún jẹ́?"

Bàbá Ìbejì ń to púlọ́ọ̀gì tí ó ti tò tẹ́lẹ̀.

"Ìwọ lo wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn," Elétí tún wí. "Ṣé kò sí ohun kan tó ṣe ọ́ bákan?"

"Bíi kí ni?" Ọ̀rọ̀ náà jáde kíákíá jù.

Elétí gbójú sókè. Ó wò ó. Lójú Bàbá Ìbejì, ńṣe ló dà bíi pé ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ sára ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó fa ẹsẹ̀ náà sábẹ́ káńtà.

"Mi ò mọ̀," Elétí wí. "Mo kàn ń bèèrè ni. Yá mi ní gééjì tuntun kan nínú ọjà rẹ. Màá tún àyẹ̀wò náà ṣe, lójú gbogbo èèyàn."

Láti ìgbà náà ni ayé ti há mọ́ Bàbá Ìbejì. Bí onígbàjámọ̀ bá rẹ́rìn-ín, òun ló ń rín. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ní "Ẹ gbé ẹsẹ̀ kí n gbálẹ̀," á fò dìde kúrò lórí àga. Ẹni tó ń ṣọ́ ìyàwó rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti di ẹni tí gbogbo ayé ń ṣọ́, tàbí kó jẹ́ pé òun ló rò bẹ́ẹ̀.

Elétí ránṣẹ́ sí Ìyá Ìbejì: "Kí ẹ wá ní Sátidé. Orúkọ mi ni mo fẹ́ yẹ̀ wò, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì nìkan."

Èèyàn pé. Onígbàjámọ̀ ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Àwọn tíṣà méjì kan dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n káwọ́ gbera. Elétí gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè, ó yọ púlọ́ọ̀gì, ó mú gééjì tuntun jáde. Ó ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí ojú gíláàsì rẹ̀, ní ibi tí abẹ́rẹ́ dúró sí lọ́jọ́ kìíní.

Bàbá Ìbejì ti di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú.

"Màá jókòó," ó wí.

"Rárá," Ìyá Ìbejì wí. "Ẹ jẹ́ kí n jókòó fúnra mi."

"O ò mọ̀ ọ́n ṣe."

"Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ bàbá mi ni mi ò mọ̀ ọ́n yí?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá Ìbejì náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹnu rẹ̀ kò ṣí. Ó dúró ti ilẹ̀kùn, oòrùn ń pa á.

"Ìyá Ìbejì," Elétí wí, "ẹ tẹ tọ́tù dé ilẹ̀, ẹ má gbé e títí màá fi ní ó tó. Ó yá, ẹ yí i!"

Kúkú, kúkú, kúkú. Abẹ́rẹ́ fò. Ó kọjá ìlà ṣọ́ọ̀kì, ó ń gùn lọ bí ẹni tí wọ́n ń pè lókè.

"Ó tó! Ó tó!" Elétí ké. Ó fò mọ́lẹ̀. "Mo sọ bẹ́ẹ̀! Mo ní ohùn rẹ̀ dáa!"

Wọ́n ṣe ìkejì, ìkẹta, ìkẹrin. Gbogbo wọn fò. Àwọn tíṣà sún mọ́ ọn. Onígbàjámọ̀ ti ń wí pé òun ti mọ̀ tipẹ́ pé Elétí kì í purọ́.

"Gééjì rẹ àtijọ́ ló ń purọ́ nígbà náà," Bàbá Ìbejì sáré wí.

Elétí mú ti àtijọ́. Ó fi dí ihò. Abẹ́rẹ́ tún fò, ó dúró sí ibi kan náà pẹ̀lú ti tuntun.

Ìyá Ìbejì yọ orí lójú fèrèsé. "Ọ̀gá Elétí, kí nìdí tí mo fi ní láti tẹ tọ́tù?"

"Kí ẹ́ńjìnnì lè mí ni. Bí ẹ kò bá tẹ̀ ẹ́, afẹ́fẹ́ ò ní wọlé, ohun tí gééjì ń kà á kéré."

Obìnrin náà fa orí padà sínú ọkọ̀.

"Ẹ fi gééjì tuntun tún un yẹ̀ wò," ó wí.

Ó yí kọ́kọ́rọ́. Kúkú, kúkú, kúkú. Abẹ́rẹ́ gùn díẹ̀, ó dúró. Orí ìlà ṣọ́ọ̀kì gẹ́lẹ́ ni.

"Mi ò tẹ̀ ẹ́," Ìyá Ìbejì wí láti inú ọkọ̀. Ohùn rẹ̀ kò ga. "Mo gbé ẹsẹ̀ mi."

Elétí gbé ojú kúrò lára gééjì, ó gbé e lé ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìyá Ìbejì sọ̀ kalẹ̀, ó dúró níwájú ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ yẹn?"

"Ó lè jẹ́ pé ẹsẹ̀ mi yọ̀."

"Nínú ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin?" Elétí wí. "Nígbà tí a pààrọ̀ bátìrì ńkọ́? Nígbà tí mo da ọ́ìlì sí i ńkọ́? Mo ní tẹ̀ ẹ́, o ní o ti tẹ̀ ẹ́. Ohùn rẹ ni mo gbọ́. Etí mi ò di."

Ibẹ̀ ni fóònù ti dún. Ọwọ́ Ìyá Ìbejì ti dọ̀tí lára ọkọ̀, ó fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ kí ohùn lè jáde síta. Ikọ́ ló kọ́kọ́ jáde, ikọ́ arúgbó, lẹ́yìn náà ni ohùn tó ń gbọ̀n.

"Ọmọ mi, ṣé o ti bá mi rí àpò awò mi? Láti ọjọ́ tí o ti gbé mi ti ọ́fíìsì ìjọba bọ̀ ni mi ò ti rí ìwé kà. Àwọn nǹkan ilé-ìwé tí mo fẹ́ fà lé ọ lọ́wọ́, ìyàwó mi ló ń kà wọ́n sí mi létí, ó sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

Ọ̀gá tó fẹ́ fẹ̀yìn tì ni. Baba arúgbó tó ń wá ẹni tí yóò gba ipò rẹ̀.

"Mi ò tíì rí i, sà," Ìyá Ìbejì wí. Ojú ọkọ rẹ̀ ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́.

Bàbá Ìbejì ní títì yẹn kò gùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó sọdá lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó fa dúróà, ó tú àwọn nọ́ọ̀tì àti bóòtù tó dà lé e, ó gbé àpò awò náà bọ̀, ó sì gbé e lé etí ọkọ̀ níwájú gbogbo wọn. Kò sí ẹni tó ní kó jẹ́wọ́ mọ́.

"Nítorí èyí?" ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Mo rò pé..."

"Ẹ sọ ọ́ tán."

Ó sọ ọ́ tán. Ojú tì í débi pé ilẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. Ìyá Ìbejì gbọ́ ọ títí dé òpin, ó sì rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

"Ṣé ẹ mọ ìdí tí mo fi ní kí wọ́n yẹ ọkọ̀ yìí wò? Kí n lè máa padà wá sùn sọ́dọ̀ yín ni. Ká ní ibòmíràn ni mo fẹ́ sùn, ilé wà níbẹ̀. Mi ò nílò ẹ́ńjìnnì kankan láti sùn níbẹ̀."

Ó gbé fóònù sẹ́nu. Baba arúgbó ṣì wà níbẹ̀, ó ń wúkọ́.

"Mo ti rí awò yín, sà. Mo sì gba iṣẹ́ náà." Ó gbọ́ ohun tí baba náà wí. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé mo gba ilé náà pẹ̀lú."

Bí ìtàn náà ṣe rí nìyẹn. Ẹ má bínú pé mi ò lè fi ìlàjà dídùn parí rẹ̀ fún yín.

Fítà epo tó dí ló jẹ́ kí ọkọ̀ náà máa mí gúlegúle lórí òkè. Fítà lásán! Irú rẹ̀ kún ṣọ́ọ̀bù Bàbá Ìbejì, ṣùgbọ́n Elétí lọ rà á níbòmíràn. Oníbàárà rẹ̀ ti padà. Bàbá Ìbejì bẹ̀ ẹ́, ó tún bẹ̀ ẹ́. "Mo ti gbọ́," ni Elétí wí, kò gbé ojú kúrò lára iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá fẹ́ yẹ kọ̀mpírẹ́ṣọ̀n wò báyìí, onígbàjámọ̀ ló ń pè kó wá jókòó. Onígbàjámọ̀, ẹ gbọ́! Ẹni tí kò mọ̀ ju irun lọ.

Ìyá Ìbejì máa ń wálé ní ọjọ́ Jímọ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, Bàbá Ìbejì á jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, á máa tẹ́tí. Ó ti mọ ohùn ẹ́ńjìnnì yẹn láti ìsàlẹ̀ àdúgbò bí Elétí ṣe mọ̀ ọ́n. Ohùn rẹ̀ dáa gan-an.

Jímọ̀ mìíràn wà tí ẹ́ńjìnnì náà kì í dún. Fóònù ló máa dún dípò rẹ̀.

"Bàbá Ìbejì, mi ò ní lè wá lọ́sẹ̀ yìí. Iṣẹ́ pọ̀."

Iṣẹ́ wo? Pẹ̀lú ta ni? Ta ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ yẹn? Gbogbo ìbéèrè náà á sáré wá sí ẹnu rẹ̀. Ó ní ìgbà yẹn ni òun máa ń tẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́lẹ̀ lábẹ́ káńtà, òun á tẹ̀ ẹ́ dé ilẹ̀, òun ò sì ní gbé e títí ọ̀rọ̀ á fi parí.

"Ó dáa, Ìyá Ìbejì," á wí. "Máa rọra o."